Tẹ́ńpìlì Ọba Òkun: Bí Ẹ Ṣe Máa Là Á Kọjá Kí Phantom Hourglass Tó Sú Yín

The Legend of Zelda: Phantom Hourglass jáde lọ́dún 2007 fún Nintendo DS, ẹ̀rọ kékeré olójú méjì tí èèyàn ń fi pẹ́ẹ̀nì tẹ̀. Ìtàn rẹ̀ tẹ̀ lé ti The Wind Waker, géèmù Zelda kan tó ṣáájú rẹ̀: Link, akọni tí ẹ ń darí, náà ni, òkun náà ni. Ọkọ̀ eléèéfín Linebeck lẹ máa wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gákọ̀ tó fẹ́ràn ìṣúra ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, tó sì máa ń sá pamọ́ bí ìjà bá dé. Géèmù náà dùn. Ẹ máa fi ẹnu fẹ́ iná àbẹ́là kú lójú ẹ̀rọ. Ẹ máa fi pẹ́ẹ̀nì fa ọ̀nà tí boomerang, igi títẹ̀ tí èèyàn ń jù tó sì ń padà wá, máa gbà. Ní erékùṣù tí wọ́n ti ń ta ìbọn ọkọ̀, ẹni tó ń ta apá irin tí wọ́n fi ń wú ìṣúra lábẹ́ omi máa ní kí ẹ pariwo bí ẹ bá fẹ́ràn ọjà òun tó. Bí ariwo yín bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà á ṣe dín kù tó, nítorí náà ẹ má ṣe é lóru tí àwọn ará ilé ń sùn.

Ibi kan ṣoṣo ló ń ba adùn yìí jẹ́. Tẹ́ńpìlì Ọba Òkun ló ń jẹ́, erékùṣù Mercay ló wà, níbi tí ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ láti B1 títí dé B13, ẹ kò sì ní lè parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín òkun sí, inú tẹ́ńpìlì yìí ni máàpù tó ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ máa wọlé, ẹ mú máàpù, ẹ jáde lọ ja ìjà níbòmíràn, ẹ tún padà wá. Bí ẹ bá sì padà dé, òkè pátápátá lẹ tún ti máa bẹ̀rẹ̀: àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ ti ṣí lánàá ti padé, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ti mú ti padà sí àyè rẹ̀, yanrìn sì ń dà nù látinú agogo oníyanrìn tó ń ka àkókò yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó kọ̀wé nípa géèmù náà nígbà tó jáde ló yìn ín tán, tó wá fa ojú ro nítorí ibí yìí.

Èrò tèmi ni pé tẹ́ńpìlì yìí kò le. Àtúnṣe rẹ̀ ló pọ̀, èyí tó ń dá agara síni lára sì ni pé èèyàn máa ń tún un ṣe bó ṣe ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú ìpayà, láìrántí ibi tí ohunkóhun wà. Bí ẹ bá ṣe é bí mo ṣe fẹ́ sọ yìí, ìpele tó gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́ lè gbà yín ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ bí yanrìn ṣe ń ná

Ègún wà nínú tẹ́ńpìlì náà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lásán, ègún náà á máa jẹ ẹ̀mí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Agogo oníyanrìn tí orúkọ géèmù náà ti wá ló ń dáàbò bò yín. Nígbà tó bá kọ́kọ́ dé ọwọ́ yín, yanrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Bí géèmù ṣe ń lọ ni yóò máa pọ̀ sí i, kò sì ní kọjá ìṣẹ́jú 25. Bí ẹ bá jáde sí ìta, yóò kún padà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá tán nígbà tí ẹ ṣì wà nísàlẹ̀, àwọn ọkàn pupa tó dúró fún ẹ̀mí Link á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kò sì ní dúró.

Ohun méjì ló ń jẹ yanrìn: àkókò tí ẹ ń lò nínú tẹ́ńpìlì náà àti àwọn Phantom. Phantom ni àwọn ẹ̀ṣọ́ gìrìwò oníhámọ́ra tó ń rìn káàkiri. Idà lásán kò ràn wọ́n. Bí ọ̀kan bá gbá yín lẹ́ẹ̀kan péré, ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ nìyẹn, wọ́n á sì dá yín padà sí ẹnu ìpele tí ẹ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka 30 yẹn nìkan. Àdánù gidi ni ọ̀nà tí ẹ ti rìn tẹ́lẹ̀ tí ẹ tún máa rìn. Bí ẹ bá ti rìn fún ìṣẹ́jú-àáyá 50 kí ó tó gbá yín, 80 ni ẹ ti pàdánù, 80 nínú 600 tó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í sì í ṣe kékeré.

Ohun kan wà tí kì í jẹ yanrìn rárá: dídúró sí ibi ààbò. Ẹ máa rí ojú ilẹ̀ tó ń tàn ní àwọ̀ elésèé àlùkò ní igun ibi àti ibẹ̀ yẹn. Bí Link bá ti tẹ ẹsẹ̀ sí i, yanrìn dúró, Phantom kò sì lè rí yín mọ́, kódà bó bá ń lé yín bọ̀. Ẹ lè dúró níbẹ̀ di ọ̀la. Ẹ ka yanrìn sí owó ọkọ̀: ìta ibi ààbò nìkan ni wọ́n ti ń gbà á, ìrònú nínú ibi ààbò kò ní owó. Nítorí náà, ibi ààbò ni kí ẹ ti máa ronú. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin ti mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí ẹ tó wọlé

Èyí kò gùn. Ẹ gba iná sí ẹ̀rọ yín kí ó kún, nítorí bí ẹ̀rọ bá kú lẹ́yìn ìpele márùn-ún, kò sẹ́ni tí ẹ máa rí bá wí. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ra oògùn. Èyí tó pupa ń dá ẹ̀mí padà. Èyí tó jẹ́ àlùkò ń gbé yín dìde fúnra rẹ̀ bí ẹ̀mí bá tán, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún ibí yìí, torí ó ń jẹ́ kí ẹ lè tẹ̀ síwájú díẹ̀ lẹ́yìn tí yanrìn ti tán. Bí ẹ bá ti ní bọ́ǹbù àti ọfà, ẹ rí i pé wọ́n kún.

Ẹ má gbá a nínú dáńfó. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Link ń gbà rìn ni pẹ́ẹ̀nì, gọ́tà kan ṣoṣo lójú ọ̀nà sì tó láti gbé e ka iwájú Phantom. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹ pa ìdérí ẹ̀rọ náà dé, gbogbo nǹkan á dúró bí ó ṣe wà títí ẹ ó fi ṣí i padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹ́ kí ojú yín wà ní òkè

Ojú ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ni Link ti ń rìn, nítorí náà ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n ojú òkè ni ọ̀rọ̀ wà. Máàpù ìpele náà wà níbẹ̀, ó sì ń fi Phantom kọ̀ọ̀kan hàn yín bí ó ṣe ń rìn, pẹ̀lú ibi tí ó dojú kọ. Ẹ kò nílò kí ẹ rí i pẹ̀lú ojú Link kí ẹ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Bí ẹ bá dé ìpele tuntun, ẹ má ṣe yára kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ dúró sí ibi ààbò tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ wo òkè títí Phantom kọ̀ọ̀kan á fi rìn yípo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀ bí wọn kò bá rí yín: á lọ dé igun, á dúró díẹ̀, á yí padà. Ibi tó ti ń yí padà yẹn ni kókó, nítorí ìgbà tó bá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà yín ni ẹ máa kọjá.

Àwọn ojú kan tún wà tó ń léfòó káàkiri, tí wọ́n ń pè ní Phantom Eye. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tajú kán rí yín, yóò pe Phantom. Ní ìpele ìsàlẹ̀, àwọn Phantom aláwọ̀ góòlù kan wà tí wọn kì í rìn wá: wọ́n á kàn yọ níbi tí ojú náà ti rí yín. Nítorí náà, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ fi boomerang dá a dúró láti ọ̀nà jíjìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Bó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan péré ni ẹ máa mú nínú gbogbo èyí, ẹ mú èyí. Phantom Hourglass fàyè gba yín láti fa máàpù wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ẹ̀nì kọ ohun tó bá wù yín sí i. Ohun tí ẹ bá kọ kò ní parẹ́ bí ẹ bá jáde. Òṣù méjì lẹ́yìn náà, bí ẹ bá padà dé B2, ìwé ọwọ́ yín á ṣì wà níbẹ̀. Èmi kò rí géèmù mìíràn tó lo ẹ̀rọ yẹn dáadáa tó báyìí, ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ráhùn nípa tẹ́ńpìlì náà kì í kọ nǹkan kan sí máàpù wọn, àfi ibi tí géèmù bá fi dandan mú wọn.

Ẹ má kọ gbólóhùn. Àyè kéré, pẹ́ẹ̀nì sì tóbi. Ẹ yan àmì díẹ̀ tí ẹ ó máa lò ní gbogbo ìpele, kí ẹ má sì yí i padà. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí: nọ́ńbà kékeré fún ètò ohun tí mo máa ṣe (1 sí ibi bọ́tìnnì àkọ́kọ́, 2 sí ibi kọ́kọ́rọ́, 3 sí ilẹ̀kùn), ìlà fún ọ̀nà tí mo máa tọ̀, òbìrípo fún ìkòkò tó wúlò, àmì X fún ibi tí pàkúté wà. Bí ọ̀wọ́ bọ́tìnnì bá wà tí ó ní ìtẹ̀léra, ẹ kọ ìtẹ̀léra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣí, kì í ṣe sí ibi tí ẹ ti kà á. Ní ẹnu ilẹ̀kùn ni ẹ ti máa nílò rẹ̀.

Àmì mìíràn tó ń gba èèyàn là lẹ́yìn náà ni ti ohun tí ẹ kò tíì lè lò. Ẹ máa rí ògiri tó ti sán nígbà tí ẹ kò tíì ní bọ́ǹbù. Ẹ máa rí òpó méjì tó dojú kọ ara wọn lórí kòtò tí ẹ kò lè fò. Ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀. Ọ̀nà àbùjá ni wọ́n, ìgbésẹ̀ kẹfà máa padà sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú B3 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ jù páàdì sílẹ̀, bí a bá lè pe pẹ́ẹ̀nì ní páàdì. Ilẹ̀kùn ńlá kan wà níbẹ̀ tí kò ní ṣí àfi bí ẹ bá gbé òkúta mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Force Gem sí orí pèpéle mẹ́ta. Orí ni Link ń gbé òkúta náà rù, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi dì í mú. Kò lè yọ idà, kò lè ju boomerang. Ẹni tó bá kàn gbé òkúta tó sì ń wá ọ̀nà lọ, Phantom á pàdé rẹ̀ ní ibi tóóró.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ rìn lọ́wọ́ òfo. Ẹ wá àwọn òkúta náà àti pèpéle wọn, ẹ fi nọ́ńbà sí wọn. Lẹ́yìn náà, láti ara òkúta kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà dé ibi ààbò tó kàn, láti ibẹ̀ dé èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé pèpéle. Ìrìn gígùn kan á wá di ìrìn kúkúrú mẹ́ta. Ẹ gbé òkúta, ẹ rìn dé ibi ààbò, ẹ dúró, ẹ wo òkè, ẹ dúró títí Phantom á fi kọ ẹ̀yìn, ẹ tún gbéra. Ìrìn ọwọ́ òfo yẹn máa jẹ yanrìn díẹ̀ lóòótọ́. Ẹ máa rí i gbà padà lọ́jọ́ tí ẹ bá tún kọjá níbẹ̀, nítorí ìlà yẹn ṣì wà lórí máàpù yín.

Kò burú rárá kí ẹ fi odindi ìwọlé kan ṣòfò fún ìdí èyí. Ẹ wọ ìpele tí ẹ kò tíì rí, ẹ rìn káàkiri, ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí yanrìn tán, ẹ jáde. Yanrìn máa kún padà. Máàpù á ti wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìkòkò, kòtò àti ẹ̀yìn Phantom

Ìkòkò kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, bí ẹ bá fọ́ ọ, yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kún yanrìn yín. Ẹ fọ́ ọ bó bá wà lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa yà kúrò lọ́nà jìnnà kí ẹ tó débẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ohun tí ẹ máa ná lójú ọ̀nà lè ju ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ lọ.

Èyí tó pupa ló níye lórí jù. Bí ó bá fọ́, ibi tó fọ́ sí á di ibi ààbò. Ẹ lè gbé e, kí ẹ sì lọ sọ ọ́ mọ́lẹ̀ níbi tó bá wù yín. Àṣìlò tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ nítorí pé Phantom ń bọ̀, nígbà tí ibi ààbò mìíràn kò jìnnà. Ẹ wo máàpù: ibo ni ìrìn tó gùn jù láìní ibi ààbò láàárín? Àárín ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ìkòkò pupa náà lọ.

Ẹ kò ní lè fi idà pa Phantom títí di apá ìkẹyìn géèmù, ṣùgbọ́n ẹ lè dá a lọ́wọ́ kọ́. Bí ẹ bá ti ní ọrun, ọfà kan láti ẹ̀yìn máa mú kó dákú fún ìgbà díẹ̀, ẹ máa ráyè kọjá. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń ṣí, ẹ lè jẹ́ kó lé yín dé orí rẹ̀ kí ó já sínú kòtò. Bí ó bá sì ń lé yín, ẹ má sá lọ síbi tí ẹ kò mọ̀. Ẹ padà sí ibi ààbò tí ẹ ti kúrò, kódà bí ẹ bá ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ìdajì ìrìn tí ẹ tún máa rìn kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí Phantom máa gbà lọ́wọ́ yín.

Ní ìsàlẹ̀, ẹ tún máa pàdé àwọn Phantom tó ń sáré ju ti òkè lọ. Ẹ má gbìyànjú láti bá wọn sáré.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Irinṣẹ́ tuntun, ọ̀nà tuntun

Ẹ má padà sí tẹ́ńpìlì yìí kí ìtàn tó ní kí ẹ padà. Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn bá lọ lemọ́lemọ́, àwọn á mọ̀ ọ́n sí i. Wọ́n máa mọ̀ ọ́n, ó sì máa sú wọn. Ìdí tí ìtàn fi ń rán yín lọ sí ibòmíràn ni pé irinṣẹ́ tí ẹ máa kó níbẹ̀ ló máa gé ọ̀nà kúrú: bọ́ǹbù ní Tẹ́ńpìlì Atẹ́gùn, ọrun ní Tẹ́ńpìlì Ìgboyà, ìkọ́ olókùn ní Tẹ́ńpìlì Yìnyín, òòlù ní tẹ́ńpìlì Mutoh.

Bí ẹ bá wá padà dé, ẹ wá àwọn àmì ìbéèrè tí ẹ ti kọ. Ògiri tó sán yẹn, bọ́ǹbù á ṣí i. Òpó méjì orí kòtò yẹn, ẹ na okùn ìkọ́ sí àárín wọn, kí Link sì rìn lórí rẹ̀ kọjá, láìyí gbogbo ìpele po láti lọ wá kọ́kọ́rọ́. Bọ́tìnnì tó wà ní òdìkejì, tí ẹ ti ń rìn yípo lọ tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lè fi boomerang lù ú láti ibi tí ẹ dúró sí. Àwọn àpótí ìṣúra tún wà lẹ́yìn àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ojúkòkòrò mú yín ní ọjọ́ tí ẹ ní iṣẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ ya ọjọ́ ìṣúra sọ́tọ̀.

Ibí yìí ni mo rò pé àwọn tó ṣe géèmù náà ní èrò tó dára. Wọ́n fẹ́ kí ẹ rí bí ẹ ṣe ń lágbára sí i, nípa pé ibi tó ń lé yín lánàá, ẹ̀yin lẹ ń là á kọjá lónìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé wọn kò sọ fún yín níbikíbi pé ọ̀nà àbùjá wà, nítorí náà ẹni tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ á tún tọ ọ̀nà àná. Ó dà bíi pé àwọn náà gbọ́ ìráhùn yẹn. Nígbà tí Spirit Tracks tẹ̀ lé e lọ́dún 2009, wọ́n tún fi ilé ńlá kan sí àárín ìtàn tí èèyàn ń padà sí, ìyẹn Tower of Spirits, ṣùgbọ́n àwọn àjà tuntun ni ẹ ń gùn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kò sí pé ẹ ń tún ti àná ṣe, kò sì sí yanrìn tó ń dà nù.

Ìgbésẹ̀ keje: Àárín ọ̀nà

Lẹ́yìn B6, ẹ máa dé yàrá kan tí kò sí ewu nínú rẹ̀. Àárín ọ̀nà nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ìyeyè kan á ṣí síbẹ̀, láti ìgbà náà lọ ẹ lè gba inú rẹ̀ láti òkè pátápátá wá sí àárín, láìfi ẹsẹ̀ kan B1 títí dé B6 mọ́. Àwọn tó ti fi géèmù náà sílẹ̀ ní B4 tàbí B5 kò mọ bí ó ṣe kù díẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Géèmù náà ń rántí iye yanrìn tó kù nígbà tí ẹ dé àárín. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù, bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ìyeyè wọlé lọ́jọ́ mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni ẹ máa gbé lọ sí B7. Ẹni tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú yanrìn tín-ín-rín, tó wá ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn ní gbogbo ìgbà, á rò pé ìsàlẹ̀ tẹ́ńpìlì náà kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Òkè ló ti ná yanrìn rẹ̀ tán.

Nítorí náà, bí irinṣẹ́ yín bá ti pọ̀ sí i, tí yanrìn agogo yín náà sì ti pọ̀ sí i, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti rin B1 dé B6 lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú gbogbo ọ̀nà àbùjá tí ẹ ti kọ sílẹ̀. Ẹ má mú ìṣúra kankan. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Bí Phantom bá gbá yín ní B1 tàbí B2, ẹ jáde, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní òkè níbẹ̀, bíbẹ̀rẹ̀ lọ́tun kò gbà yín ní àkókò púpọ̀. Ìrìn yìí nìkan ni mo máa ní kí ẹ tún ṣe nítorí àtúnṣe. Ó máa dunni díẹ̀, àmọ́ ó máa fún yín ní ìdajì ìsàlẹ̀ tẹ́ńpìlì náà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Láàárín ìwọlé kan sí èkejì

Ẹ fi òkun ṣeré. Kì í ṣe pé mo ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ́ńpìlì jáde tí ẹ sì ti mú máàpù òkun tuntun, ẹ má sáré lọ sí ibi tí ìtàn ń tọ́ka sí ní tààràtà. Ẹ pẹja, ẹ wú ìṣúra lábẹ́ omi, ẹ tún ọkọ̀ Linebeck ṣe. Àwọn ọ̀gá tí ẹ bá ṣẹ́gun ní àwọn tẹ́ńpìlì yòókù máa ń fi yanrìn ìṣẹ́jú méjì kún agogo yín, yanrìn mìíràn sì tún wà níta fún ẹni tó bá wá a. Gbogbo rẹ̀ ń dín wàhálà ìwọlé tó kàn kù. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé bí ẹ bá fi ọjọ́ bíi mélòó kan sí àárín ìwọlé kan sí èkejì, ìbínú yín á ti rọ̀, ìwé tí ẹ kọ sí máàpù kò sì ní gbàgbé ohunkóhun fún yín.

Fún ẹni tí kò tíì ní géèmù náà tó ń kà á bọ̀: ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Wii U, níbi tí wọ́n ti tún tà á, ti kógbá wọlé láti oṣù kẹta ọdún 2023. Kásẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ ló kù. Gbogbo ẹ̀yà DS ló ń gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni 3DS àti 2DS. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀nì fa ìlà dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dán maikirofóònù wò. Ẹ̀rọ tí igun rẹ̀ kan kò gbọ́ ìtẹ̀ mọ́ kò ṣeé gbá géèmù yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìgbà tí idà bá yí padà

Ní apá ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó irin mẹ́ta jọ fún alágbẹ̀dẹ Zauz, idà tuntun máa dé ọwọ́ yín: Phantom Sword. Idà yìí ràn Phantom. Ẹ rìn wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Ẹ̀yìn ni o, iwájú kò jẹ́ nǹkan kan. Gbogbo ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti ń yí padà, ibi tí wọ́n ti ń dúró, á wá wúlò lọ́nà mìíràn, nítorí ẹ̀yin lẹ máa lúgọ báyìí.

Ẹ má lọ tààrà sí B13 ní ọjọ́ tí idà bá dé. Ẹ kọ́kọ́ wọ àwọn ìpele òkè, kí ẹ fi àwọn Phantom tó ti ń yọ yín lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dán idà náà wò. Ọwọ́ yín á mọ bí ó ṣe yẹ kí ẹ sún mọ́ wọn tó, ara yín á sì tún yá díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kí yanrìn kún, ẹ ra oògùn àlùkò méjì, ẹ kún àpò ọfà, ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́. Láti àárín ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan láàárín B7 àti B12, Phantom tó bá dí ọ̀nà yín nìkan ni kí ẹ pa, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ọ̀tá gidi, Bellum, ń dúró dè yín ní ìsàlẹ̀ pátápátá.